Eyín, Ẹ̀jẹ̀ àti Ọkàn: Ìtàn Bí Àrùn Ẹnu Ṣe Ń Wọ Inú Ara

Ọ̀rọ̀ eyín ni mo gbé wá. Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé òpìtàn ni ó dìde láti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, nígbà tí àwọn dókítà kò wọ́n. Èsì mi ni pé ohunkóhun tí ó bá ti ń pa ènìyàn láti ìgbà ìwáṣẹ̀, tí àwọn ọlọ́gbọ́n ayé sì ti ń jiyàn lé lórí láti ìran dé ìran, ìtàn ni. Iṣẹ́ dókítà ni kí ó wo aláìsàn sàn. Iṣẹ́ tèmi ni kí n wádìí bí a ṣe dé ibi tí a wà, kí n sì fi ojú àṣìṣe àná han àwọn tí yóò ṣe ìpinnu lónìí.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ fi hàn. Èkínní, àrùn tí ó bẹ̀rẹ̀ nínú eyín lè kúrò ní ẹnu, kí ó wọ ọrùn, ọkàn tàbí ọpọlọ, kí ó sì pa ènìyàn. Èkejì, àwọn oníṣègùn òyìnbó tí wọ́n kọ́kọ́ tẹnu mọ́ òtítọ́ yìí sọ ọ́ di àṣejù, àṣejù náà sì ṣe ọ̀pọ̀ aláìsàn ní ibi. Ẹ̀kẹta, ní ilẹ̀ tiwa, ní Àkúrẹ́, ní Oǹdó àti ní àwọn ìlú tí ó yí wọn ká, àìmọ̀ nípa ìmọ́tótó ẹnu kọ́ ni olórí ìṣòro, ìdádúró ni.

I. Ohun tí àwọn baba wa mọ̀

Ẹni tí ó bá rin ọjà Ìsìkàn ní Àkúrẹ́ já yóò rí àwọn ìyá tí wọ́n pàtẹ orín ní ìdì-ìdì. Orín ata wà níbẹ̀, èyí tí ó máa ń ta ènìyàn lẹ́nu tí ẹnu yóò sì kú díẹ̀. Orín ayin wà níbẹ̀, igi orógbó wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni pákò Ìjẹ̀bú pẹ̀lú. Olúkúlùkù ní iṣẹ́ tí àwọn tí ń tà á sọ pé ó ń ṣe. Ní ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá, ẹni tí kò tíì fọ ẹnu ní òwúrọ̀ kì í súnmọ́ àgbà láti bá a sọ̀rọ̀. A ń yin eyín funfun, a ń yin ejí, a sì ń fi ẹ̀rín pe ènìyàn ní arẹwà. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé àwọn baba wa kò ka ẹnu kún.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe ìmọ̀ òfìfo. Ní àwọn ọdún 1960, Aubrey Sheiham, onímọ̀ nípa ìlera eyín, yẹ ẹnu àwọn ènìyàn wò ní àwọn ìlú àti abúlé Nàìjíríà. Ó rí i pé eyín jíjẹrà kò wọ́pọ̀ láàrin wọn bí ó ti wọ́pọ̀ ní Yúróòpù, ṣùgbọ́n àrùn èrìgì wọ́pọ̀ gan-an. Ní 1971, E. A. Ṣófowórà àti W. A. Isaacs tẹ ìwádìí kan jáde lórí gbòǹgbò orín ata. Wọ́n fi hàn pé omi gbòǹgbò náà lè mú kí àwọn ẹyin ẹ̀jẹ̀ tí ó ti tẹ̀ bí dòjé, nítorí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, padà sí ìrísí wọn nínú ìgò àyẹ̀wò. Ní ọdún kan náà ni àwọn onímọ̀ kan, tí Ṣófowórà wà nínú wọn, tẹ ìwádìí mìíràn jáde lórí agbára tí àwọn orín wa ní láti pa kòkòrò àìfojúrí. Èmi kò sọ pé orín ata ti di oògùn fòníkú-fọ̀ladìde. Kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni pé igi tí a ń rún nítorí eyín ni ó mú àwọn onímọ̀ dé ìdí ẹ̀jẹ̀.

Síbẹ̀, orín ní ààlà. Mo bi ìyá àgbàlagbà kan tí ó ń tà á ní Ìsìkàn pé, “Ìyá, bí eyín bá ti lu ihò ńkọ́, èwo nínú gbogbo ìwọ̀nyí ni ó ń wò ó sàn?” Ó wò mí, ó ní, “Ọmọ mi, orín kì í wọ inú ihò. Ẹni tí tirẹ̀ bá ti lu, kí ó wá ibòmíràn lọ.” N kò tíì gbọ́ àlàyé tí ó ṣe kedere jù èyí lọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Orín ń mú ìta eyín mọ́. Kò lè dé inú.

Èdè wa fúnra rẹ̀ tún jẹ́rìí sí ohun kan. A máa ń sọ pé kòkòrò ni ó ń jẹ eyín. Àwa nìkan kọ́ ni a sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Bábílónì àtijọ́ kọ ọ́ sórí wàláà amọ̀ pé kòkòrò kan ni ó bẹ àwọn òrìṣà wọn kí wọ́n jẹ́ kí òun máa gbé láàrin eyín àti èrìgì. Ní 1728, Pierre Fauchard, oníṣègùn eyín ní ilẹ̀ Faransé, kọ ìwé ńlá kan tí ó fi ta ko ìgbàgbọ́ yìí, nítorí pé ó wo inú eyín tí ó jẹrà, kò sì rí kòkòrò kankan. Ṣùgbọ́n ní 1890, W. D. Miller, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Berlin, tẹ ìwé kan jáde tí ó fi ṣàlàyé pé àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ẹnu ni wọ́n ń sọ oúnjẹ aládùn àti oníyẹ̀fun di omi kíkan, tí omi kíkan náà sì ń jẹ ara eyín díẹ̀díẹ̀. Àwọn baba wa kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n lè fi rí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n sọ ọ̀ràn náà kò jìnnà sí òtítọ́.

II. Bí àrùn ṣe ń rìn

Kí a tó lè mọ bí eyín ṣe ń pa ènìyàn, a ní láti mọ̀ pé eyín kì í ṣe òkúta. Ìta rẹ̀ le, ṣùgbọ́n ẹran rírọ̀ wà nínú rẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ sì ń gba ìdí gbòǹgbò wọlé dé ibẹ̀. Nígbà tí ihò bá dé ibi ẹran yìí, kòkòrò àìfojúrí ti rí ọ̀nà. Ìgbà náà ni eyín máa ń ro ènìyàn títí tí kò fi ní lè sùn. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ìrora náà lè dáwọ́ dúró, tí olúwarẹ̀ yóò sì máa dúpẹ́ pé ara ti yá. Kò yá. Ẹran inú eyín ni ó kú. Àrùn ti kọjá sí ìdí gbòǹgbò, ọyún sì ń kó jọ sínú egungun.

Ọyún kì í dúró sójú kan. Ó máa ń wá ibi tí yóò gbà jáde. Bí ó bá rí ọ̀nà gba ara èrìgì jáde, eéwo kékeré ni a óò rí. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò àwọn eyín ńlá ìsàlẹ̀ gùn dé ìsàlẹ̀ ibi tí ẹran ìdí ahọ́n ti so mọ́ egungun àgbọ̀n. Bí ọyún bá gba ibẹ̀ yọ, ó bọ́ sí ọrùn nìyẹn. Ní 1836, dókítà ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Wilhelm Friedrich von Ludwig ṣàpèjúwe àìsàn tí a fi orúkọ rẹ̀ pè títí di òní: abẹ́ àgbọ̀n yóò wú, yóò le bí pákó, ahọ́n yóò gbé sókè, aláìsàn kò ní lè gbé itọ́ mì, èémí rẹ̀ yóò sì máa há. Kí oògùn apakòkòrò tó dé, ó ju ìdajì àwọn tí ó bá ṣe lọ tí ń kú. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ni ó jẹ́ pé ìdí eyín ìsàlẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Láti ọrùn, ọyún lè sọ̀ kalẹ̀ sínú àyà. Ti eyín òkè, ó lè gòkè lọ sí ìdí ojú, nítorí pé àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ojú bá ti inú agbárí tan, ó sì lè ti ibẹ̀ dé ọpọlọ.

Ẹ̀rí èyí pọ̀ nínú ìtàn ayé. Òkú Ramesses Kejì, ọba Íjíbítì tí ó kú ní ohun tí ó lé ní 3,200 ọdún sẹ́yìn, ṣì wà títí di òní, àmì ọyún sì wà ní egungun àgbọ̀n rẹ̀. Ọba tí ó ní ọmọ ogun àti wúrà kò rí ẹni bá a wo eyín sàn. Ní ìlú Lọndọnu ní nǹkan bí 1600 sí 1700, nínú ìwé tí wọ́n ń kọ iye òkú sí ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, “eyín” jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ohun tí wọ́n kà sí okùnfà ikú. Òótọ́ ni pé púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kọ síbẹ̀ jẹ́ ọmọ ọwọ́ tí ń hu eyín, tí ibà tàbí ìgbẹ́ gbuuru sì pa. Àwa náà ṣì ń ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí a bá di ẹ̀bi ibà ọmọ ru eyín híhù. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀rọ̀ ayé àtijọ́ ni èyí. Ní oṣù kejì ọdún 2007, ọmọ ọdún méjìlá kan kú ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, nítorí pé àrùn eyín rẹ̀ dé ọpọlọ. Àwọn ìwé ìròyìn wọn kọ ọ́ pé nǹkan bí 80 dọ́là ni owó tí ìbá yọ eyín náà.

Ọ̀nà kejì tí àrùn ń gbà ni inú ẹ̀jẹ̀. Ilẹ̀kùn mẹ́rin ni ó wà nínú ọkàn ènìyàn, tí wọ́n ń ṣí tí wọ́n sì ń tì kí ẹ̀jẹ̀ má baà padà sẹ́yìn. Ní 1885, William Osler sọ àsọyé tí ó di olókìkí ní Lọndọnu lórí àrùn tí kòkòrò àìfojúrí fi ń ba àwọn ilẹ̀kùn wọ̀nyí jẹ́. Ní 1935, Okell àti Elliott, tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn wò kété lẹ́yìn tí a yọ eyín wọn, fi hàn pé kòkòrò ẹnu wà nínú ẹ̀jẹ̀ èyí tí ó ju ìdajì wọn lọ. Nínú ara ẹni tí ọkàn rẹ̀ dá ṣáṣá, ẹ̀jẹ̀ yóò pa wọ́n run láàrin ìṣẹ́jú mélòó kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ibà oníkèéríkèé orí ìké ti ba ilẹ̀kùn ọkàn rẹ̀ jẹ́ nígbà èwe, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ wa, kòkòrò náà lè lẹ̀ mọ́ ojú àpá náà, kí ó sì máa bí sí i níbẹ̀. Àwọn Yorùbá sọ pé ohun tí ó bá ojú ti bá imú. A lè fi kún un pé ohun tí ó bá èrìgì lè bá ọkàn.

III. Àṣejù àwọn oníṣègùn

Bí mo bá dúró síbí yìí, ìtàn mi kò pé. Ní 1900, William Hunter, dókítà kan ní Lọndọnu, kọ̀wé pé ìdọ̀tí ẹnu ni ó ń fa ọ̀pọ̀ àìsàn. Ní 1910, ó lọ sí Montreal ní ilẹ̀ Kánádà, ó sì fi ọ̀rọ̀ líle bá àwọn oníṣègùn eyín wí. Láìpẹ́, Frank Billings ní Chicago sọ èrò náà di ẹ̀kọ́ kan: pé ọyún kékeré tí ó sá pamọ́ sí ìdí eyín tàbí ọ̀nà ọ̀fun ni orísun làkúrègbé, àrùn kíndìnrín àti ọ̀pọ̀ àìsàn mìíràn. Láti ìgbà náà, ẹni tí orúnkún ń ro, wọ́n yọ eyín rẹ̀. Ẹni tí inú ń run, wọ́n yọ eyín rẹ̀. Ní ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Trenton, ní ìpínlẹ̀ New Jersey, Henry Cotton yọ eyín àwọn aláìsàn rẹ̀ pé bóyá iyè wọn yóò sọjí. Nígbà tí kò sọjí, ó gé ìfun àwọn mìíràn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kú sọ́wọ́ rẹ̀.

Ní 1940 ni Reimann àti Havens gbé gbogbo ẹ̀rí náà yẹ̀ wò, tí wọ́n sì fi hàn pé kò sí ẹ̀rí tí ó tó: ọ̀pọ̀ tí wọ́n yọ eyín wọn kò sàn, ọ̀pọ̀ tí wọn kò sì yọ tiwọn sàn. Ẹ̀kọ́ náà wó lulẹ̀. Aburú kejì sì tẹ̀ lé e, nítorí pé fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà àwọn dókítà kò fẹ́ gbọ́ ohunkóhun mọ́ nípa eyín àti ìyókù ara.

Àwọn baba wa ní ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Òfin yìí ni àwọn onímọ̀ òde òní ń gbìyànjú láti tẹ̀ lé. Ní 1989, Mattila àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Finland kọ̀wé pé eyín àwọn tí ọkàn dá dúró lójijì burú ju ti àwọn ẹlòmíràn lọ. Ní 2012, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ọkàn ní Amẹ́ríkà gbé gbogbo ìwádìí tí ó wà nílẹ̀ wò. Wọ́n gbà pé àrùn èrìgì àti àrùn ọkàn máa ń rìn pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní kò tíì sí ẹ̀rí pé ọ̀kan ni ó ń fa èkejì. Ní 2006, ìwádìí ńlá kan fi hàn pé ìtọ́jú èrìgì nígbà oyún kò dín bíbí ọmọ láìpé oṣù kù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pa ìyá tàbí ọmọ lára. Ní ti àtọ̀gbẹ, ọ̀rọ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: àtọ̀gbẹ ń mú àrùn èrìgì le, àrùn èrìgì náà ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ga, ìtọ́jú èrìgì sì máa ń mú ṣúgà náà wálẹ̀ díẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ìdáhùn kò rí bákan náà fún gbogbo àìsàn. Ẹni tí ó bá sọ fún yín pé eyín ni ó fa ohun gbogbo ń tún àṣìṣe Cotton ṣe. Ẹni tí ó bá sọ pé eyín kò fa nǹkan kan kò gbọ́ ohun tí Ludwig rí.

IV. Ẹnu ọmọ tí ebi ń pa

Ìtàn kan wà tí ó jẹ́ tiwa gan-an. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, David Morley, dókítà ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ń tọpinpin ìlera àwọn ọmọdé ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Ó rí bí eéyi, tí àwọn kan ń pè ní ìta, ṣe ń pa àwọn ọmọ tí oúnjẹ kò tó fún. Eéyi máa ń bo ẹnu ọmọ ní egbò, ọmọ náà kò sì ní lè jẹun mọ́. Láti inú egbò èrìgì bẹ́ẹ̀ ni àrùn tí a ń pè ní noma ti ń bẹ̀rẹ̀. Láàrin ọjọ́ díẹ̀ yóò jẹ èrìgì, yóò jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́, yóò jẹ egungun, yóò sì lu ojú ọmọ jáde. Bí kò bá sí ìtọ́jú, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni ó ń pa. Cyril Enwonwu, ọmọ Nàìjíríà, ni ó fi ìwádìí tí ó tẹ̀ jáde ní 1972 so ebi, eéyi àti egbò èrìgì pọ̀ mọ́ra wọn bí okùn onísọ mẹ́ta. Oúnjẹ, abẹ́rẹ́ àjẹsára eéyi àti oògùn apakòkòrò ni ó dín noma kù ní ilẹ̀ Yorùbá. Ṣùgbọ́n kò tán ní Nàìjíríà: ní 1999 ni wọ́n ṣí ilé ìwòsàn àwọn ọmọ tí noma ń bá jà ní Sókótó, oṣù Kejìlá ọdún 2023 sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé tó kà á mọ́ àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí ayé ti pa tì. Nàìjíríà ni ó ṣáájú nínú bíbéèrè fún un.

V. Ohun tí ó kù fún wa

Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1976, tí Àkúrẹ́ sì di olú ìlú rẹ̀, ọdún mẹ́wàá péré ni Yunifásítì Èkó ti fi ń kọ́ àwọn dókítà eyín, láti 1966. Lónìí, ìlú Oǹdó ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn tirẹ̀, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2015. A kò lè sọ mọ́ pé ìmọ̀ kò sí nítòsí. Kí ni ó wá fà á tí ènìyàn fi ń dé ilé ìwòsàn nígbà tí ọrùn ti wú?

Èmi rí ohun mẹ́ta. Ìkínní ni owó: ẹni tí ń ṣiṣẹ́ òòjọ́ kò fẹ́ ná owó lórí ohun tí ó rò pé yóò lọ fúnra rẹ̀. Èkejì ni ìdákẹ́jẹ́ ìrora tí mo ti sọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tí eyín bá kú, ó dàbí ẹni pé oògùn ti jẹ́. Ẹ̀kẹta ni oògùn tí a ń rà ní ẹyọ méjì, ẹyọ mẹ́ta. Òògùn apakòkòrò tí kò pé ìwọ̀n yóò mú kí ara tu ènìyàn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè fa ọyún jáde, kò sì lè wọ inú eyín tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́. Ohun tí ó ń wo irú àrùn yìí sàn ni kí a ṣí ọ̀nà fún ọyún, kí a tọ́jú inú eyín náà tàbí kí a yọ ọ́. Dúdú tàbí funfun, kò sí oògùn mímu tí ó lè rọ́pò èyí.

Nítorí náà, bí eyín bá ro ènìyàn tí ìrora náà sì dáwọ́ dúró, kí ó lọ fi han oníṣègùn eyín. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí abẹ́ àgbọ̀n bá wú, bí ẹnu kò bá ṣeé là, bí itọ́ kò bá ṣeé gbé mì, bí ojú bá ń pa dé tàbí tí ara bá gbóná, kí wọ́n má ṣe dúró di ọ̀la. Kí ẹni tí ó mọ̀ pé ilẹ̀kùn ọkàn òun ti bàjẹ́ sọ ọ́ kí wọ́n tó fi ọwọ́ kan eyín rẹ̀. Kí àwọn tí ń ṣètò ìlera ní ìpínlẹ̀ yìí sì ronú bí ìtọ́jú eyín yóò ṣe dé àwọn ilé ìlera kékeré, kì í ṣe àwọn ilé ìwòsàn ńlá nìkan. Àwọn ìyá olórín gan-an lè jẹ́ alábàáṣiṣẹ́ nínú èyí. Àwọn ni aráàlú ń kọ́kọ́ rò fún, wọ́n sì mọ ibi tí agbára ọjà wọn mọ.

Kékeré ni a ti ń pa ẹ̀kàn ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà. Ihò eyín kan tí ó kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ ṣeé dí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Ọyún tí ó bá ti dé àyà kò ṣeé bẹ̀.